Àgbà Mẹ́fà Lójú Ọ̀nà Fọ́tò

Ní ọjọ́ kẹrin tí ìyàwó mi kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin pè mí láti ilé, sí ìlú òkèèrè tí a ń gbé, ó ní Ìyá ní kí òun jíṣẹ́ kan fún mi.

"Bọ̀dá, wọ́n ní kí ẹ má tíì sin ín. Wọ́n ní ọdún mọ́kànlá ni àwọn kò fojú kan ọmọ àwọn. Àwọn fẹ́ rí bó ṣe rí láàárín ọdún wọ̀nyẹn kí ẹ tó bo ilẹ̀ mọ́ ọn."

Mo ní mo gbọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ sí, lábẹ́ "gáàsì" àti "ìwé ẹ̀rí ikú", mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n lè rin ìrìn òkèèrè mọ́. Bí ẹsẹ̀ wọn bá tilẹ̀ gbé e, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òbí kì í dúró ti sàréè ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ wa. A kì í tilẹ̀ sọ ọjọ́ ìsìnkú sí i létí. Nítorí náà kì í ṣe ìsìnkú ni Ìyá ń béèrè. Ìgbà tí ọmọ wọn wà láàyè tí wọn kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń béèrè.

A ti fi ìsìnkú sí ọjọ́ Sátidé. Ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà, wọ́n ti fi ilẹ̀ hàn wá, káfíńtà ará Benin tó ń kan pósí fún wa ní àdúgbò Lalala sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá tí Ìyá kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí, ọ̀nà méjì ló kù fún mi: kí n sin ọmọ wọn láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn, tàbí kí n sún ọjọ́ síwájú, kí òkú tún máa dúró nínú yìnyín. Mi ò lè ṣe ti àkọ́kọ́, mi ò sì fẹ́ ṣe èkejì. Mo jókòó, mo ń rò ó bí ẹni ń ro ìṣirò. Kò dùn mí.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe wà nígbà náà, kí ẹ má baà rò pé sùúrù ni mo ní. Ó dà bí ìgbà tí dókítà eyín bá gún ni lábẹ́rẹ́: o mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wà níbẹ̀, o fọwọ́ kàn án, àmọ́ ó dà bíi ti ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn ń wá kí wa ní ilé wa ní àdúgbò Angondjé, wọ́n ń jókòó sórí àga ike nínú ọgbà, mo sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan kọ ọjọ́ tí kò tọ́ sínú ìwé ìbánikẹ́dùn, mo ní kó fa ìlà sí i kó tún un kọ. Ó tún un kọ. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ mi, ó ń sunkún, èmi sì ń wo fọ́nrán òwú kan tó já ní èjìká ẹ̀wù rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, tí a bí sí ìlú yìí, ń ṣe iṣẹ́ ojú-ewé ayélujára ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Glass. Òun ló ní kí a ṣe ojú-ewé kan fún ìyá òun. Fọ́tò mẹ́rin fún ọdún kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mọ́kànlá: fọ́tò mẹ́rìnlélógójì. Èmi ni mo tò wọ́n. Àmọ́ àwọn àgbà láti inú ẹbí méjèèjì ti fi fídíò ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́, àgbà mẹ́fà, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdúrà àti ìtàn tirẹ̀. Èyí tó kúrú jù gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo ní kí ó kó wọn sókè, ṣáájú àwọn fọ́tò.

"Papa, wọ́n wúwo gan-an. Très lourd."

"Àgbà kì í wúwo. Tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà sí. Olórí ẹbí ni kó ṣáájú."

"Kí n kó wọn sísàlẹ̀ ńkọ́, lẹ́yìn fọ́tò?"

"Níbo lo ti rí i tí àgbà jókòó sẹ́yìn ọmọdé?"

Ó tò wọ́n. Ó tún ní àwọn fídíò náà lè dúró jẹ́ẹ́ títí ẹni tó fẹ́ wò wọ́n á fi fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Mo ní rárá, kí wọ́n ti máa wọlé fúnra wọn bí ojú-ewé bá ti ṣí. Mo ní kò bójú mu kí a máa fi ìka tẹ àgbà níwájú orí kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà, ó sì ṣe é bí mo ṣe wí. Ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ń bá bàbá rẹ̀ jiyàn.

Ní Ọjọ́rú, lọ́sàn-án, àbúrò ìyàwó mi ṣí ojú-ewé náà lórí fóònù rẹ̀ níwájú Ìyá. Ó fi fóònù Ìyá pè mí, èyí kékeré tí kò mọ̀ ju ìpè lọ.

"Kí lẹ rí?" ni mo bi í.

"Àpótí dúdú mẹ́fà, Bọ̀dá. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ń yí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Àwọn fọ́tò ńkọ́?"

"Kò sí fọ́tò. Àyè wọn ṣófo. Kẹ̀kẹ́ ló ń yí ṣáá, bí ẹni ń lọ ata."

Mo gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ní kó dúró sinmi. Òòyì á kọ́ ọ."

"Ìyá, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ náà ni mò ń bá wí."

Wọ́n jókòó tì í títí oòrùn fi yẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi sọ fún mi pé Ìyá ti wẹ̀ kí wọ́n tó jókòó, wọ́n sì ti wé gèlè, bí ẹni tí ń retí àlejò. Nígbà tó yá wọ́n tú gèlè náà, wọ́n ká a, wọ́n fi sórí itan.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ bí gbogbo ayé ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́. A gbìyànjú rẹ̀. Fóònù àbúrò ìyàwó mi ti kún. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti kàn án ni ìbánikẹ́dùn ti ń wọlé láti gúrúùpù ẹbí, láti ti ṣọ́ọ̀ṣì, láti ti àwọn tí wọ́n jọ ń ta aṣọ: àbẹ́là tí ń jó, òdòdó funfun, ohùn àdúrà gígùn. Fóònù kọ̀, kò gba nǹkan mìíràn pamọ́ mọ́. Mo ní kó pa díẹ̀ rẹ́ nínú wọn.

"Bọ̀dá, ti ta ni kí n pa rẹ́?"

A kì í kó ìbánikẹ́dùn dànù nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀. Ojú-ewé yẹn nìkan ló kù, nítorí wíwò ni a ń wò ó, a kì í gbé e pamọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin mi kò lọ sí ọ́fíìsì. Òjò ń rọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Ó fi bí ojú-ewé náà ṣe ń wọlé hàn mí: ìlà gígùn mẹ́fà tí wọ́n ń lọ láìdúró, àti lábẹ́ wọn ọ̀pọ̀ ìlà tín-ín-rín tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

"Fóònù ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ sáfà," ló wí. "Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí a kó ojú-ewé wa sí. Ìbéèrè kan fún fídíò kan, ìbéèrè kan fún fọ́tò kan. Ààdọ́ta ìbéèrè."

"Ojú-ewé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé a kò béèrè òun náà ni?"

"Mọ́kànléláàádọ́ta, Papa."

"Ó dáa. Máa bọ̀."

Ó ní sáfà tí òun lò ti gbó, ìlànà àtijọ́ ló sì fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Lábẹ́ ìlànà yẹn, ìsopọ̀ kan kì í ru ju ìbéèrè kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù á béèrè, á dúró kí ìdáhùn náà wọlé tán, kó tó lè béèrè òmíràn lórí ìsopọ̀ kan náà. Nítorí àtiyára, fóònù máa ń ṣí ìsopọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Kì í sábà ju mẹ́fà lọ sí sáfà kan ṣoṣo.

"Mẹ́fà," ni mo wí.

"Mẹ́fà."

Òjò ń lu páànù. A kò wo ojú ara wa.

"Àgbà mẹ́fà," ni mo tún wí.

"Oui, Papa."

Ó yé mi. Àgbà kọ̀ọ̀kan ti jókòó sójú ọ̀nà kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, olórí ẹbí pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ìyàwó mi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà mẹ́rìnlélógójì, kò rí ọkọ̀ wọ̀. Èmi ni mo gbé wọn síbẹ̀. Èmi ni mo tún ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìdúró kí a tẹ̀ wọ́n. Mo retí kí ó dùn mí. Mo bu omi mu.

Ọmọbìnrin mi ní ó rọrùn, kí a kàn kó àwọn fídíò sísàlẹ̀, kí wọ́n dúró di ìgbà tí a bá pè wọ́n. Mo ní mi ò lè ṣe é láìsọ fún wọn. Mo pe olórí ẹbí ìyàwó mi. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Tíṣà, ta ló fẹ́ gbé mi sísàlẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó fẹ́ gbé yín sísàlẹ̀, Bàbá. Ọ̀nà ló há."

"Tí ọ̀nà bá há, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kọjá?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Àbí Faransé tí ẹ ń sọ níbẹ̀ ti kọ́ yín pé kí fọ́tò máa ṣáájú baba?"

"Rárá o, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ohùn wọn sì rọlẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe ipò ni mò ń jà fún. Ìyá náà gbọ́dọ̀ gbọ́ wa kí wọ́n tó rí ojú ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń ti ènìyàn lẹ́yìn kó má baà ṣubú."

Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, mi ò sì lè ta kò ó. Mo sọ fún ọmọbìnrin mi pé kò sí ẹni tí a máa gbé kúrò ní àyè rẹ̀.

"Nígbà náà, sáfà la máa pààrọ̀," ló wí. "Màá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lo ìlànà kejì."

Ìlànà kejì, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kì í ṣí ọ̀nà mẹ́fà. Ìsopọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣí, gbogbo ìbéèrè á sì gba orí rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró de ara wọn. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti fóònù jẹ́ òǹkà aláìdọ́gba: ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Sáfà á gé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wẹ́wẹ́, á kọ nọ́ńbà sí ara ègé kọ̀ọ̀kan, á sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ ní ìdàpọ̀: ègé fídíò kan, ègé fọ́tò kan, ègé fọ́tò mìíràn. Fóònù á wo nọ́ńbà, á to olúkúlùkù padà sí àyè rẹ̀. Àgbà á wà lókè gẹ́gẹ́ bí a ti tò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

"Ṣé ó yé ọ, Papa?"

"Ṣé ó yé *yín*," ni mo wí, mi ò mọ̀gbà tí mo wí i. "Ó yé mi. Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí."

Òótọ́ ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, yàrá kan ṣoṣo ni a ní, kíláàsì mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni tíṣà. Bí mo bá kọ́ kíláàsì kan tán kí n tó yíjú sí èkejì, àwọn yòókù á fọ́ ilé. Nítorí náà mo pín pátákó sí mẹ́ta, mo fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀. Màá kọ ìṣirò kan ní funfun, màá kọ gbólóhùn kan ní pupa, màá kọ orúkọ odò kan ní ofeefee, màá tún padà sí funfun. Ẹnu kan ṣoṣo ni, pátákó kan ṣoṣo ni, ọmọ kankan kò sì kọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀.

Kí agogo mẹ́ta tó lù, ó ti gbé ojú-ewé náà lọ. Mo pe àbúrò ìyàwó mi pé kí ó tún un ṣí.

"Bọ̀dá! Ó ń bọ̀ o. Ó ń bọ̀ láti òkè. Mo rí gèlè. Mo rí iwájú orí. Ó dúró."

"Àwọn fọ́tò yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn dúró pọ̀. Òmíràn gbé igi nìkan wá, òmíràn gbé òrùlé. Gbogbo wọn kàn dúró lẹ́ẹ̀kan náà."

Ìyá gba fóònù kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. "Tíṣà, mo ti rí iwájú orí. Ti bàbá rẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ojú dà?"

"Ó ń bọ̀, Ìyá."

Kò wá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wo iwájú orí ọmọ wọn títí fóònù fi kú.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọbìnrin mi pé gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó fọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ibi tí Màmá àgbà wà ń sọ ègé nù lójú ọ̀nà. Ìlànà kejì gbé gbogbo ẹrù lé ìsopọ̀ kan ṣoṣo, aláàárù tó sì ń ru ìsopọ̀ yẹn ní òfin àtijọ́ kan: ohun gbogbo gbọ́dọ̀ dé bí a ṣe tò ó. Bí ègé kan bá sọnù, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró títí a ó fi tún un rán, bí wọn kò tilẹ̀ bá a tan. Ègé fídíò olórí ẹbí lè sọnù, kí ojú ìyàwó mi sì dúró nítorí rẹ̀.

Èmi náà ní òfin yẹn ní kíláàsì. Bí ọmọ kan bá ní òun kò gbọ́, gbogbo yàrá á gbé kálàmù sílẹ̀ títí màá fi tún un sọ. Ìyàwó mi máa ń bá mi jà lórí rẹ̀. Á ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ló pàdánù ọ̀rọ̀ kan, o wá sọ gbogbo wọn di ère." Màá ní ètò ni. Mo fẹ́ sọ fún ọmọbìnrin mi pé ìyá rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo la ẹnu, mo sì ní kí ó pa iná ìdáná kí ọbẹ̀ má baà jóná.

Ó pa iná, ó padà. Ó ní ìlànà kẹta wà. Ìlànà yìí pààrọ̀ aláàárù náà fúnra rẹ̀. Ìsopọ̀ kan ṣoṣo náà ni, nọ́ńbà náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ègé rẹ̀ bá sọnù nìkan ló máa dúró, àwọn yòókù á máa lọ. Sáfà tuntun náà mọ̀ ọ́n, wọn kò kàn tíì ṣí i ni. Ó kọ nǹkan méjì-mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnì kan, ó gbé orí lé tábìlì. Mo fọwọ́ lé e lẹ́yìn ọrùn. Ó gbóná. Mo ṣàkíyèsí pé ó gbóná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, káfíńtà pè láti Lalala. Ó ní pósí ti tán, ṣé Sátidé náà ni? Mo ní kó fún mi di ọ̀sán.

Àbúrò ìyàwó mi pè nígbà tí mò ń fá irùngbọ̀n. "Bọ̀dá, wọ́n ti ń dé o. Ọ̀kan ti dé. Èyí tó tẹ̀lé e náà ti dé. Ọ̀kan dúró láàárín, ó kù, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń kọjá lọ ní tiwọn."

"Àwọn àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń yí o!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Ti olórí ẹbí ti sọ 'Ẹ káàárọ̀', ó tún dákẹ́."

"Ìyá ti gbọ́ 'Ẹ káàárọ̀' náà?"

"Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n tilẹ̀ dáhùn."

Mo gbà pé ó tó. Ìyá gba fóònù kékeré, wọ́n gbé e sí etí, àbúrò ìyàwó mi sì ń fi ìka sún àwọn fọ́tò sókè fún wọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Níbo nìyí? Etíkun ni, Ìyá. Ta lèyí? Ọmọ-ọmọ yín ni, ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo gíláàsì ojú? Ọdún karùn-ún, Ìyá. Mo ń dáhùn láìwo ohunkóhun. Èmi ni mo tò wọ́n, mo mọ̀ wọ́n lórí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló gbé ṣòkòtò wọ̀ fún ọmọ mi?"

"Tèmi ni, Ìyá. Ó ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ó ní ẹ̀fọn pọ̀ nínú ọgbà."

"Ó sì gbà á mọ́ra."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Kò dá a padà mọ́."

Mo gbọ́ adìyẹ kan nínú àgbàlá wọn. Ọṣẹ tí mo fi ń fá irùngbọ̀n ti gbẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Ó sanra," ni wọ́n wí níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ojú rẹ̀ kò le."

"Kò le, Ìyá."

"Èyí tó kù náà ti dé," ni àbúrò ìyàwó mi wí lẹ́yìn wọn. "Ìyá, ẹ wò ó."

Wọ́n wò ó. Mi ò béèrè èwo ni.

"Ó tó," ni Ìyá wí. "Ẹ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ má sọ ọjọ́ rẹ̀ fún mi. Ẹ má pè mí lọ́jọ́ náà."

"A ò ní pè yín, Ìyá."

"Tíṣà."

"Ìyá."

"Ẹ jẹun."

Mo ní màá jẹun. Wọ́n pa fóònù. Mo fá irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kejì, mo fi omi ṣan ojú, mo pe káfíńtà. Mo ní Sátidé náà ni. Ó ní aago mélòó. Mo ní mẹ́wàá.